Manzanita nínú ooru oṣù Keje

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Keje

Àsìkò tí èèpo manzanita, igi kúkurú kan, ń bó rèé lórí àwọn òkè Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Ó ń ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń já bọ́, ara tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n bí osùn, ó ń dán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní àìsàn ni. Kì í ṣe àìsàn rárá.

Òjò ibẹ̀ kò bá ooru rìn bíi tìlú wa. Ìgbà òtútù ló ń rọ̀. Tí ooru bá dé, ilẹ̀ á gbẹ táútáú fún oṣù bíi mélòó kan. Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni igi náà mọ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, ó le, kò sì sí àsìkò tó ń wọ́wé tán. Lójú tèmi, ìdúró ewé yẹn ló wúni lórí jù: kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ló nàró, tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni oòrùn ọ̀sán ń rí. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń bá ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ wo ṣóńṣó ẹ̀ka. Ìrudi òdòdó ti wà níbẹ̀, tí yóò là ní nǹkan bí oṣù Kìíní. Ẹni tó bá gé e ní oṣù Kẹsàn-án, òdòdó ló gé dànù. Ẹ̀yìn òdòdó ni ká gé e, ká má sì gé dé ibi tí ewé kò sí lára ẹ̀ka, torí kì í rú níbẹ̀. Àwọn irú manzanita tí kókó wú sí ìdí wọn, bí Arctostaphylos glandulosa, ń rú láti ìdí kódà lẹ́yìn iná. Irú mìíràn, Arctostaphylos glauca, ò ní kókó. Iná ń pa á, èso tó ti sin sílẹ̀ ló ń hù lẹ́yìn èéfín.

Omi ìgbà ooru ló ń pa èyí tó wà nínú ọgbà. Tí ilẹ̀ bá gbóná tó sì rin, àrùn Phytophthora á jẹ gbòǹgbò. Ewé á rọ, onílé á rò pé òùngbẹ ni, á tún bomi sí i. Ó parí nìyẹn.

Oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni ká gbìn ín, kí ìdí rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí èérún igi tí a bá fi bo ilẹ̀ má kan ọ̀pá rẹ̀. Ooru àkọ́kọ́ nìkan ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́: omi tó wọlẹ̀ jinlẹ̀, láàárọ̀, kí ilẹ̀ sì gbẹ kó tó tún mu òmíràn.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀mùnú ewé tó ń mú wá ni kòkòrò bíńtín kan tó ń fa omi ewé ń wá, etí ewé á wá wú, á pọ́n rokoṣo.