Àyẹ̀wò ọdún mi: Isaac Murphy àti sàréè bàbá wa

Ní oṣù Kìíní, mo pinnu pé n ó ka ìtàn ayé ẹnì kan ṣoṣo já lọ́dún yìí. Ẹni tí mo mú ni Isaac Murphy, agẹṣin-sáré aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1861. Nínú àwọn ìpinnu mi yòókù, díẹ̀ ni mo mú ṣẹ. Iṣẹ́ ń lọ, ara le, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí nìkan ló yí nǹkan kan padà nínú ilé wa.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹṣin ló ń sáré, pé ẹni tó gùn ún kàn jókòó ni. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ẹni tó gun ẹṣin kò bá fẹ́ ju ìpàkọ́, ẹṣin á jù ú fún un. Ti Murphy yàtọ̀. Ó máa ń jókòó ṣinṣin, kì í na ẹṣin lásán, á ṣọ́ agbára ẹṣin náà títí ìparí eré á fi dé tán.

Mo ka ti Kentucky Derby, ìdíje ẹṣin ọdọọdún tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1891 ní àkàtúnkà. Ẹṣin mẹ́rin péré ló sá a. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn agẹṣin pé kí wọ́n má tètè ṣíwájú, ni oníkálùkù bá ń dúró de ẹnìkejì. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 52 ni wọ́n lò. Kò tíì sí Derby tó lọ́ra tó o! Murphy dúró bíi tiwọn, ó wá tú ẹṣin rẹ̀, Kingman, sílẹ̀ nígbà tó tó àkókò, ó sì borí. Derby ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó gbà nìyẹn, lẹ́yìn tó ti gun ẹṣin Buchanan borí lọ́dún 1884 àti ẹṣin Riley lọ́dún 1890. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Derby lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìdíje 1,538 tí àkọsílẹ̀ wọn wà, ó borí nínú 530. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: ó ju ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ.

Burns ni orúkọ bàbá rẹ̀, ẹni tó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó sì bá ogun náà lọ. Orúkọ bàbá ìyá rẹ̀, Green Murphy, ni Isaac wá ń jẹ́ nídìí eré ẹṣin. Orúkọ bàbá àgbà ló gbé gun ẹṣin yẹn!

Ìwọ̀n ara ló bá a jà jù. Nígbà òtútù ara á wúwo, bí àsìkò eré bá ń bọ̀ á febi pa ara rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Òtútù àyà pa á ní oṣù Kejì ọdún 1896, kò ju ẹni ọdún 35 lọ. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n lé àwọn dúdú kúrò nínú eré náà: àwọn agẹṣin funfun ń há wọn mọ́ ọgbà, àwọn tó ni ẹṣin kò sì gbé iṣẹ́ fún wọn mọ́. Láti ìgbà tí Jimmy Winkfield, agẹṣin-sáré dúdú mìíràn, ti gba Derby ti 1901 àti 1902, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kankan kò gbà á mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni sàréè rẹ̀. Wọ́n gbàgbé ibi tó wà ní ìlú Lexington, ní Kentucky, títí akọ̀ròyìn kan, Frank Borries, fi wá a kàn. Ní 1967 ni wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n sin ẹṣin Man o' War sí, ẹṣin eré olókìkí tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú Murphy. Mo pa ìwé náà dé.

Bàbá wa ti kú láti ọdún mẹ́ta, pákó tí a fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ló wà lórí sàréè wọn. Ní oṣù Keje mo lọ wò ó. Òjò ti fọ lẹ́tà méjì lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ṣé kò lè di ọdún tó ń bọ̀ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọdún yìí ni." A dáwó jọ. Ní oṣù Kẹwàá, a gbé òkúta kalẹ̀, orúkọ bàbá wa àti ti bàbá tó bí wọn wà lára rẹ̀. Ìyá wa, tí wọn kò mọ̀wé, fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n máa pè é fún àwọn.