Gàrí àwìn, oṣù kejì ọdún 2023

Ní oṣù kejì ọdún 2023, àpò gàrí 16 wà nílẹ̀ níbi tí a ti ń ṣe gàrí lójú ọ̀nà Ìyàrà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, n kò sì rí ẹni rà á. Ebi ń pa àwọn èèyàn, owó ni kò sí. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. A ti kó tàtijọ́ fún báńkì, tuntun sì wọ́n bí ojú. Láti ìdájí ni àwọn àgbàlagbà ti ń tò síwájú báńkì ní Kàbà. Owó tí èèyàn bá fi fóònù ránṣẹ́ lè há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá kan tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ gbé àpò rẹ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó kí mi pé, "Òkun o." Mo kúnlẹ̀, mo dá a lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, owó mi ń bẹ ní báńkì, wọn ò rí i fún mi ni." Mo wọn mùdù mẹ́rin fún un, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn 11 ti wà nínú ìwé náà. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti di 40.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọkọ mi béèrè pé kí ni a ó fi ra ẹ̀gẹ́ tó kàn, n kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí, mo mọ ilé wọn, wọ́n sì mọ̀ pé mùdù mi kì í ní ìdí dídì. Nígbà tí oṣù kẹrin fi parí, gbogbo wọn ti san, àfi ẹni méjì. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbé iṣu wá. Nígbà tí mo jókòó ṣírò owó, gàrí tí mo tà láàárín oṣù mẹ́ta yẹn pọ̀ ju èyí tí mo tà ní irú àsìkò kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn tó kọ̀ láti ta àwìn fún oníbàárà wọn ṣì ń wá oníbàárà títí di ìgbà òjò.

N kò gbọ́n báyìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Àgbada méjì, ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan, àti ohùn líle ni mo ní. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, mo ń yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Mo rò pé bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan láti Ìsánlú dá odidi àpò kan padà: gàrí náà kò kan rárá, ó sì ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti adùn nìkan. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin ẹ̀gẹ́, bíbò ó mọ́lẹ̀ kó kan, fífún un pẹ̀lú jáàkì àti yíyan lójú iná ló ń lé májèlé náà lọ. Ẹni tó bá sáré níbikíbi nínú wọn ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré.

Mo pe ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibi jáàkì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ pé kò tíì kan. Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ ń dúró. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó yọ owó mi."

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ láti dákẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe kò ní san kọ́bọ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ, a máa jọ jẹun, kálukú á sì sọ ohun tó rí lánàá. Lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, ₦200 ń wọ inú àpótí tí àwọn òṣìṣẹ́ máa pín lóṣooṣù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́. Kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù kì í sábà ju kílò 20 sí 25 gàrí lọ, nítorí náà bí èèpo bá nípọn, èrè ni a ń dà sí ààtàn. Mo ti pariwo lórí èèpo fún ọdún kan gbáko, kò yí padà. Oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n pín owó àpótí, èèpo fẹ́lẹ́ bíi bébà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n má ṣe hú ẹ̀gẹ́ kí ọjọ́ wa tó pé, torí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti hú u, inú rẹ̀ ti ń dúdú.

Ti àwọn oníbàárà, ìwé àwìn yẹn ni mo sọ di ẹgbẹ́. Àwọn bàbá wa ní àáró: lónìí a ṣe oko tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ. Èmi náà pè é ní àáró gàrí. Lásìkò òjò, tí ilẹ̀ rọ̀ tí ẹ̀gẹ́ sì rọrùn láti hú, wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo fi ń ra ẹ̀gẹ́ láì yá owó èlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ le tí gàrí gbówó lórí, iye tí a jọ fẹnu kò sí ni wọ́n ń gbà á.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lópin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo ẹ̀rọ wa ju ìlọ́po méjì lọ. Mo ya àwòrán ìwé owó epo náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp, mo béèrè pé kí la ó ṣe. Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì dáhùn pé kí n fi owó lé e, kí n má ṣe dín mùdù kù. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì bínú lọ, ọ̀kan ti padà.

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, ọkọ̀ Àbújá ti dúró, a ti ń di àpò. Ọmọbìnrin ibi jáàkì yẹn, tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ báyìí, tọ́ gàrí wò, ó sì gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Màmá, ti ìgbà yìí kò kan tó. Ẹ má jẹ́ kó lọ." Àwakọ̀ kùn sí wa, ó wakọ̀ lọ lófìfo. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń pe àwọn oníbàárà wa ní Àbújá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀.