Ẹni Tí Kò Lè Yára Ni Kó Máa Ṣíwájú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí a ti dé láti Scotland, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú lálẹ́, orí òkúta yẹn náà ni mo máa ń bá ara mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó tó di ìtàn tí a ó máa fi dá àlejò lára yá. Mo mọ̀ pé tọkọtaya wa tó ń gbé ìlú òyìnbó ti ń rìn gan-an lásìkò yìí, ẹ ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ẹ ń lọ wo òkè àti adágún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún jáde.

West Highland Way la rìn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, máìlì 96, láti Milngavie lẹ́bàá Glasgow (Mọlgáì ni wọ́n ń pè é, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tàn yín) títí dé Fort William, lábẹ́ Ben Nevis tó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ Britain lọ. Ọdún 15 tí a ti ṣègbéyàwó la fẹ́ fi ṣe àjọyọ̀. A kó àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Leeds, ó di Glasgow. Àwọn kan ti bi wá pé kí ló dé tí ẹni tó lówó ọkọ̀ á máa fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti dúró lórí Conic Hill láàárọ̀, tó rí àwọn erékùṣù inú Loch Lomond tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn lórí omi bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, kò ní bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti kúlíkúlí la dì lọ, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí oúnjẹ arìnrìn-àjò tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Létí Loch Lomond, gbòǹgbò igi àti àpáta gba ọ̀nà débi pé tọwọ́tẹsẹ̀ la fi ń gòkè. Ẹ rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó pàgọ́ sí ìhà ìlà oòrùn adágún náà láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án. Ibòmíràn ní Scotland, òfin ọdún 2003 gbà yín láyè láti pàgọ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbalasa, bí ẹ ò bá ti ba nǹkan jẹ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni nǹkan kan ti ń bọ̀ tí mi ò mọ̀. Bàbá Ìbejì ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Á ṣíwájú, á dé ibì kan, á jókòó dè mí. Bí mo bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ti sinmi tán, á ní ó yá, á gbéra. Èmi tó rẹ̀ jù ni mi ò rí ìsinmi kankan. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, inú rẹ̀ ló ti wá.

Rannoch Moor ló wá fọ́ ọ lójú. Ilẹ̀ àbàtà ni, kò sílé, igi pàápàá ò tó nǹkan, fún nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá. Òjò ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí a dé ilé ìtura Kingshouse, omi ń jáde nínú bàtà mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sanwó yàrá, ká sùn sí gbígbẹ lálẹ́ ọjọ́ kan péré. Ó ní owó tí a dá sọ́tọ̀ kò gbé e. A pàgọ́ sẹ́bàá odò, mo sùn sínú àpò ìsùn tó tutù. Láàárọ̀, mo wí fún un pé, “Bí o bá tún fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn lónìí, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.” Kò fèsì. A di ẹrù láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀nà ọjọ́ náà gba Devil's Staircase, Àtẹ̀gùn Sátánì. Ibẹ̀ ló ga jù ní gbogbo ọ̀nà náà, nǹkan bíi mítà 550. Kùrukùru ti bo òkè. Mo ń wo ẹ̀wù òjò pupa rẹ̀ níwájú, ó yà ní kọ́nà kan, mi ò rí i mọ́. Mo pè é. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn mi lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí orúnkún ọ̀tún mi fi kọṣẹ́, kò ṣeé tẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ní á padà wá.

Kò padà. Òógùn tí mo là nígbà tí mò ń gòkè wá di yìnyín sí mi lẹ́yìn. Eyín mi ń lu ara wọn. Mo tú àpò mi. Sítóòfù wà lọ́dọ̀ mi, gáàsì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òpó àgọ́ wà lọ́dọ̀ mi, aṣọ àgọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ewé tíì wà lọ́dọ̀ mi, fúláásìkì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Súwẹ́tà mi tó nípọn jù náà wà nínú àpò rẹ̀, nítorí mo ti ráhùn ní ọjọ́ kejì pé ẹrù mi wúwo, ó sì bá mi gbé e. Ìfẹ́ ló fi gbà á. Fóònù mi ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ fa síìpù ẹ̀wù òjò mi sókè, àwọn ìka mi ò gbọ́ràn. Ìgbà tó yá, ìbẹ̀rù lọ, oorun ló kù. Mo kàn fẹ́ sùn.

Kí n má bàa sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọmọ mi. “Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn.” Mo dákẹ́. Mi ò rántí ohun tó kàn. Oríkì tí mo ti ń kì wọ́n láti ọjọ́ tí mo bí wọn, tí mo fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, kò sí lẹ́nu mi. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló já sí. Mo mọ̀ nígbà náà pé òtútù ti wọ orí mi, pé ibẹ̀ ni mo lè kú sí, kí ọkọ mi sì wà ní ibi tí kò jìnnà. Mo sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá omijé ni tàbí òjò.

Tọkọtaya òyìnbó kan, àgbàlagbà, ló yọ láti inú kùrukùru. Ìyá ló ṣíwájú, bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn, kò jìnnà sí i ju apá kan lọ. Wọ́n ta ọ̀rá pupa kan bò wá, wọ́n bọ́ ẹ̀wù tútù lọ́rùn mi, wọ́n fún mi ní tíì tó dùn bí oyin. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi ìyá náà ìdí tí òun fi ń ṣíwájú. Ó ní òun ni òun ò lè yára.

Wọ́n bá mi rọra sọ̀ kalẹ̀ dé Kinlochleven. Ọkọ mi wà ní ibùdókọ̀, ó ń wo gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń dé. Ó ti dúró dè mí lórí òkè, ó rò pé mo ti ṣe ohun tí mo sọ láàárọ̀. A sanwó yàrá fún òru méjì. Lẹ́yìn náà a dé Fort William, a jókòó ti ère ọkùnrin tó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó ń ro ó, a ya fọ́tò. Ó tán.

Nítorí náà, ẹni tí kò lè yára ni kó máa ṣíwájú. Kì í ṣe nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ o, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń rí ẹni tó wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú ò ní ojú lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọkọ mi ò fẹ́ràn mi. Ó ti ka èyí kí n tó gbé e jáde, ó ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò.

Ẹ má pín ẹrù bí ẹni pín ẹran. Aṣọ gbígbẹ rẹ, oúnjẹ rẹ, ohun tó lè bò ọ́, ẹ̀yìn ara rẹ ni kó wà, bí ó tilẹ̀ wúwo. Gáàsì àti sítóòfù ò gbọdọ̀ yara wọn.

Fèrè wà lórí bọ́kùlù okùn àyà àpò mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ àpò ẹ̀yìn ló ní in, ẹ wo tiyín lónìí. Ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un fọn. Bí ọkọ mi bá wà lẹ́yìn mi, mi ò bá tí nílò fèrè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n náà. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ “register” ránṣẹ́ sí 999 kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànwọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti lágbára. Bí ẹ bá pè wọ́n, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ ní àwọn tó ń yọ èèyàn lórí òkè. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ làwọn yẹn ń ṣe, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ìjà pẹ̀lú. Ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó gbé àpò. Mi ò sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo ṣì gbà pé ó yẹ ká sanwó yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo sọ nínú ìbínú lòun gbé lé ọkàn lórí òkè, òun ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ká ní èmi ni mo wà níwájú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ ì bá má ti lè ṣe nǹkan kan fún wa.

Ní Sátidé tó kọjá, a lọ rìn ní Ilkley Moor, nítòsí ilé. Èmi ni mo ṣíwájú. Ohun tí à ń fi wákàtí méjì ṣe tẹ́lẹ̀ gbà wá ní mẹ́ta. Bí mo bá dúró, á dúró. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí òkè, mo ki àwọn ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà sì ń gbè é.