Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí gan-an

Bí ìpọ́njú bá dé bá èèyàn, ohun tí a sábà máa ń sọ fún un ni pé kó gbàgbọ́, kó máa yin Ọlọ́run, gbogbo rẹ̀ á dára. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ibì kan wà tí à ń fò, tí Bíbélì kì í fò. Nínú Sáàmù 13, kí Dáfídì tó kọrin rárá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ́kọ́ béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni sáàmù náà. Ẹsẹ 1 àti 2, ìráhùn ni: Ọlọ́run gbàgbé mi, ó fojú pamọ́ fún mi, ọ̀tá ń gbéra ga sí mi. Ẹsẹ 3 àti 4, ẹ̀bẹ̀ ni. Orí ẹsẹ 5 ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti wá wọlé. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi sáàmù yìí gbàdúrà.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá mú bébà, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sókè, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, ẹ kọ ohun tó ń dùn yín, ẹ pè é lórúkọ. “Olúwa, ọ̀rọ̀ mi ti sú mi” kò tíì tó. “Olúwa, oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò níṣẹ́, bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já nítorí àwọn tí mo jẹ lówó.” Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àníyàn tí a kò pè lórúkọ ló máa ń wú títí tí yóò fi dà bíi pé ayé ẹni ti bàjẹ́ tán. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lè rí i pé nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Wọ́n lè wúwo lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ṣeé kà. Nígbà tí Hesekáyà gba lẹ́tà ìhàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ásíríà, lẹ́tà yẹn gan-an ló gbé lọ sí ilé Olúwa, tó tẹ́ síwájú Rẹ̀ (2 Ọba 19:14). Ẹ̀yin náà lè tẹ́ ìwé gbèsè tàbí èsì àyẹ̀wò dókítà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní apá kejì, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo, ti òní. Oúnjẹ òòjọ́ ni Jésù ní ká máa tọrọ. Ẹni tó bá ń fi àdúrà alẹ́ kan gbé ẹrù ọdún mẹ́wàá, yóò dìde pẹ̀lú àárẹ̀ ju bó ṣe kúnlẹ̀ lọ. Apá kẹta ni ti oore tí Ọlọ́run ti ṣe fún yín rí. Bí ẹ kò bá rántí ìkankan lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n sí i, ẹ kàn da ẹsẹ 5 kọ. Inú òkùnkùn ni Sáàmù 88 parí sí, síbẹ̀ àdúrà ni.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kéèyàn jókòó sí apá kìíní títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 15. Bó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀, ó ń di àròkàn. Ọ̀nà wà láti fi mọ ìyàtọ̀: ẹ wo ohun tí ẹ kọ, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ pe Ọlọ́run ní “Ìwọ.” Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ara yín lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ padà, ẹ darí ọ̀rọ̀ náà sí I.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́ sí àwọn ará Fílípì pé àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún “ṣọ́” náà ló lò nígbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìlú Damásíkù láti mú un (2 Kọ́ríńtì 11:32). A kì í fi ẹ̀ṣọ́ sí ibi tí kò sí ewu. Nítorí náà, bí gbèsè ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ tí ẹ sùn lóru àná, àlàáfíà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ara. Nígbà tí Èlíjà tọrọ ikú, Ọlọ́run kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún sùn, ó tún jẹun, kó tó rin ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù. Bí ó bá ti ń ṣe ẹ̀yin náà bíi kí ẹ kú, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ìyẹn kò fi hàn pé ẹ kò nígbàgbọ́.

Ẹ wá ẹnì kan tó lè jókòó tì yín. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n wá ń ṣàlàyé ohun tó fa ìyà rẹ̀ ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ lè sọ fún onítọ̀hún tẹ́lẹ̀ pé, “Mi ò wá ìmọ̀ràn o, ṣáà jókòó tì mí.”

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ tún mú bébà náà jáde. Ẹ fàlà sídìí èyí tó ti yanjú. Èyí tó bá ṣì ń dùn yín ní apá kìíní, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ apá kejì tuntun.