Ẹ Pe Èèyàn Wá sí Mísà, Kẹ́ ẹ sì Jókòó Tì Í

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Léjíọ̀nì ti Màríà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ tó ń lọ kí èèyàn kiri, àti ẹ̀yin tí Fáda ní kẹ́ ẹ máa ran katikíìsì lọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ń bi mí ṣáá pé báwo lèèyàn ṣe ń fi ìtara sọ nípa ìgbàgbọ́ wa, pé àwọn ìjọ tó kù ń wàásù nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sọ́jà, àwa Àgùdà sì jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́lé. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èyí tí mo rí kọ́ ni n ó sọ, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni pé a máa ń dúró de ìbéèrè. Ẹnì kan á ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bá Màríà sọ̀rọ̀, a ó sáré ka Lúùkù 1:48 fún un, pé gbogbo ìran ni yóò máa pè é ní alábùkún. Wọ́n á ka Mátíù 23:9 fún wa pé ká má pe ẹnikẹ́ni ní baba láyé, àwa náà á fi 1 Kọ́ríńtì 4:15 dá wọn lóhùn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun di baba wọn nínú Kristi. Ó dáa, ẹ kọ́ gbogbo ẹ̀ dáadáa, torí 1 Pétérù 3:15 ní ká múra sílẹ̀ láti dáhùn, àmọ́ ibẹ̀ náà ló ti ní ká fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe é, apá ìyẹn la kì í fẹ́ rántí. Tẹ́ ẹ bá wá dáhùn tán, kí lẹni náà mọ̀? Ó mọ̀ pé ẹ mọ Bíbélì ni, kò tíì mọ Jésù tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ń jí lọ sí Mísà. Mo mọ àwọn tó ń borí àríyànjiyàn lórí WhatsApp látàárọ̀ dalẹ́, ẹyọ ẹnì kan ò sì tẹ̀ lé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì rí. Tí aládùúgbò bá bi yín pé níbo lẹ ń lọ ní kùtù báyìí, ẹ má kàn sọ pé “ṣọ́ọ̀ṣì ni” kẹ́ ẹ wá máa lọ, ẹ ní Mísà ni, ẹ fẹ́ lọ gba Jésù fúnra ẹ̀, kó yà á lẹ́nu, kó wá bi yín ní ìbéèrè tó dá lé Jòhánù orí 6, níbi tí Jésù ti pe ara ẹ̀ ní oúnjẹ ìyè, ìyẹn la lè fi ọjọ́ kan sọ tí kò ní tán.

Nígbà tí Nàtáníẹ́lì ní ṣé ohun rere kankan lè ti Násárẹ́tì wá, Fílípì ò bá a jà, ó ní kó wá wò ó. Ẹ pe èèyàn. Ọ̀pọ̀ wa ni ò pe ẹnikẹ́ni wá sí Mísà rí láyé wa, ó wù mí kí n parọ́ àmọ́ òótọ́ ni.

Pípè nìkan ò sì tó o. Mísà máa ń dojú rú fún ẹni tí ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí: wọ́n dìde, wọ́n jókòó, wọ́n kúnlẹ̀, Fáda á ní “Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín”, gbogbo ilé á dáhùn “Àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ”, òun á máa wò bọ̀ọ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ǹṣì kẹ́ ẹ wá sáré lọ bá kúáyà. Àárín ni kẹ́ ẹ mú un jókòó sí, torí tó bá wà níwájú pátápátá kò ní rí ẹni tó máa wò ṣe. Ẹ bá a ṣí ìwé orin. Tó bá kù díẹ̀ kí Fáda gbé Ara Olúwa sókè, kí agogo tó dún, ẹ sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé ibi tá a ń bọ̀ látàárọ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ Kòmúníọ̀n ní tiẹ̀, ilé lẹ ti máa sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó dìgbà tí ìlà bá ń lọ, ẹ ṣàlàyé pé ẹni tí ò tíì wọ ìjọ kì í gbà á, kì í ṣe pé à ń lé e, ohun tá a gbà pé ó jẹ́ ló fà á. Ní párísì tiwa ó lè tò, kó ká apá méjèèjì lé àyà, Fáda á súre fún un.

Mo jókòó ti ìyá kan báyìí, ìlà ń lọ, ó dìde, mo rọra fọwọ́ kàn án, mo ní “Mà, ṣé ẹ rántí?” Ó ní òun rántí, ìre yẹn lòun ń lọ gbà. Ó ká apá lé orí ìborùn ẹ̀, ó tò lọ. Bó ṣe padà dé ló bi mí pé, “Kí ló wà nínú nǹkan yẹn gan-an, tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú ẹ̀ tó báyìí?” Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Mi ò wàásù kankan fún un o, ojú ẹ̀ ló rí i. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì katikísímù, kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ kó tó pinnu.

Ẹ yéé ka ariwo sí ìtara. Edel Quinn, ọmọ Ireland tí Léjíọ̀nì rán lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1936, ikọ́ ife ti bá a fínra kó tó kúrò nílé, síbẹ̀ ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíì, ó ń dá praesidium, ìyẹn ẹ̀ka Léjíọ̀nì, sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n á ṣe máa ṣe mítìn, títí tó fi kú ní Nairobi ní May 1944, ọmọ ọdún 36 péré. Ẹ̀mí tí Frank Duff àtàwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ Léjíọ̀nì ní Dublin ní September 1921 fi ń lọ kí àwọn aláìsàn nìyẹn, eléyìí tá à ń ṣe dòní: méjì-méjì la máa ń jáde, a sì ń padà wá ṣe rìpọ́ọ̀tì.

Òfin Léjíọ̀nì kan máa ń le lójú àwọn tuntun: a kì í fún ẹni tá a lọ kí lówó tàbí oúnjẹ. Wọ́n á ní ìkà nìyẹn, pẹ̀lú bí ìlú ṣe le yìí. Tébi bá ń pa ẹnì kan, ẹgbẹ́ St Vincent de Paul wà ní párísì, iṣẹ́ wọn ni, ẹ tètè lọ sọ fún wọn. Àmọ́ tẹ́yin bá gbé ìrẹsì dání lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì ni wọ́n á máa wò lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní mọ̀ mọ́ bóyá wọ́n fẹ́ rí yín. Ẹ ṣáà padà lọ. Ẹ bi í léèrè ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ́jọ́sí, ẹ pe orúkọ ọmọ yẹn, ẹ bá wọn dé ibi ìsìnkú, ẹ dúró títí wọ́n á fi kó àga nílẹ̀.

Ẹ má sì fi Fáda ṣe àwáwí. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti ń kóra jọ gbàdúrà kí àlùfáà kankan tó wá gbébẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń ṣáájú wọn, kì í sì í ṣe àlùfáà rárá. Ìgbà tí Fáda Borghero ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà, débẹ̀ ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀. 1868 ni àlùfáà tó wá gbébẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ wá ń sọ fún mi pé Fáda ò tíì fún yín ní létà!

Àwọn tó wá torí ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹ gbà wọ́n, ẹ yéé yínmú sí wọn. Ọ̀nà kí ọ̀nà tí wọ́n bá gbà wọlé, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n gbà. Èyí tó ń dùn mí ni pé ká ṣèrìbọmi fún èèyàn lóru Àjínde, ká pàtẹ́wọ́, ká ya fọ́tò, kó wá di pé kò sẹ́ni tó tún wá a kiri mọ́. Kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé, ẹ ti wá iṣẹ́ fún un, kó máa bá wọn tún àyíká ṣe ní Sátidé, kó ka ìwé mímọ́ tó bá mọ̀ ọ́n kà, kó wọ kúáyà. Tóhùn ẹ̀ ò bá dùn, ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé tiwa náà ló dùn tó.