Jẹjẹrẹ tó kéré náà máa ń rìn o: ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ yín ò tíì pọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fémi náà nìyẹn, wọ́n ní kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, wọ́n á yọ ilé ọmọ, ó tán, ìyá mi ti ń jó nílé.

Ìgbà tí rìsọ́ọ̀tì ohun tí wọ́n yọ dé, dókítà ò wo ojú mi, ó kàn ń yí bébà yẹn síwá sẹ́yìn, ó wá ní "ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó ti wọ inú lymph node." Etí mi hó yee. Mò ń rí ẹnu ẹ̀ tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ọwọ́ ọkọ mi ń gbọ̀n lórí itan mi. Àwọn kókó kéékèèké inú ìbàdí ni lymph node tó ń wí yẹn, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ, tó bá sì ti débẹ̀, látọdún 2018 ìpele kẹta ni wọ́n ń kà á sí, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n fún mi ní kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n fi iná ìtànṣán (radiation) sí i, ara ti ń yá, ọpẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ bèèrè lymph node kí wọ́n tó la inú yín! Tí MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n máa ń yà, bá ti fi hàn pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, iná àti kẹ́mò ni wọ́n sábà máa ń lò, ẹ ò ní jẹ ìyà iṣẹ́ abẹ àti ti iná pọ̀.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ìṣekúṣe. Ìyàwó ilé kan sọ ọ́ sí mi létí, mi ò tíì gbàgbé. HPV, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ló ń fà á, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó o, ara ọ̀pọ̀ á sì lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Jíìnì tó ń jẹ́ kí ara dá kòkòrò mọ̀, tí wọ́n ń pè ní HLA, kò rí bákan náà lára gbogbo wa, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó lọ lára ẹnìkan kó jókòó tì ẹlòmíì. Jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ náà sì ní ìyípadà jíìnì tiẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí òmíì tètè rìn ju òmíì lọ. Obìnrin tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, kò kúrò lójú kan. Ẹ ò lè pààrọ̀ jíìnì, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ lymph node wò.

Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV ti wà ní Nàìjíríà láti October 2023, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé wọn lọ.

Tí dókítà bá ní àyẹ̀wò lymph node ò pọndandan, ẹ ní kó kọ ìdí ẹ̀ sínú fáìlì yín.