Ọsàn Màmá Igbó

Àpò ọsàn kan ni màmá mi dì fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tó ti fọ́ nínú ẹ̀, mo fún omi wọn síbẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ike júùsì tó ti ṣófo, mo gbé gbogbo ẹ̀ wá sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wo ike náà, ó ní òun ò mu.

"Ọsàn Màmá Igbó ni."

"Ẹ̀yin lẹ fún un, àbí ẹ rà á ni?"

"Èmi ni mo fún un."

Ó tọ́ ọ wò, ó ní bíi ti inú páálí ló ṣe ń dùn. Ló bá mú odindi ọsàn kan nínú àpò, ó ní kí n bó o fún òun. Igi kan náà ni méjèèjì ti wá!

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi, mo bá wá a kà. Lọ́dún 2004, Paul Rozin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí i pé bí wọ́n tiẹ̀ sọ fún èèyàn pé ohun tó wà nínú oúnjẹ àdáyébá àti ti àtọwọ́dá ò yàtọ̀ rárá, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ àdáyébá ò yí ọkàn padà. Wọ́n ní ìfẹ́ àdáyébá yìí ò le nínú ọ̀rọ̀ oògùn tó ti oúnjẹ. Àgbo tí mò ń rí lọ́jà Òkè-Ajé ò jẹ́ kí n gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiwa.

Láìpẹ́ yìí, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Edinburgh àti Yale fi ápù lọ ọmọdé àti àgbà l'Amẹ́ríkà: èyí tó hù lóko àti èyí tí wọ́n ṣe nínú ilé ìwádìí. Toko ni tọmọdé tàgbà mú. Àwọn àgbà sọ pé nítorí àdáyébá ni. Àwọn ọmọdé ní ìta gbangba ló ti hù, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ọmọ tèmi gan-an nìyẹn. Kò bi mí léèrè ohun tó wà nínú ike. Ọwọ́ tó fún un ló ń bèèrè.

Èmi náà kì í ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìbèèrè bóyá kábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n, nítorí NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà pẹ̀lú èrò pé gbogbo ohun tí ilẹ̀ bá hù ló ṣeé jẹ. Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń wá. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé sáyánáìdì nínú. Màmá mi á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan dáadáa, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án nínú agbada tí èéfín ń ta wọ́n lójú. Iṣẹ́ yìí ló ń lé májèlé yẹn lọ. Àní ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá.

Màmá mi ní kí n mú ọmọ náà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ máa wà lábẹ́ òkúta, omi ẹ̀ á máa kán. Òun ni wọ́n máa fún ní igi, kó máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí omi náà.